Ẹ fún wọn níwèé ilẹ̀, wọ́n á kọ́lé fúnra wọn

Èrò ọkàn mi rèé o, ẹ má bínú: ìjọba kankan ò lè kọ́lé fún gbogbo mẹ̀kúnnù Èkó, mẹ̀kúnnù ò sì retí i. "Ilé olówó pọ́ọ́kú" tí wọ́n ń polówó, wọ́n á tún béèrè ìwé owó oṣù lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ẹja. Ìwé owó oṣù wo? Ta ló kọ́ Ajégúnlẹ̀? Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ náà ni.

Ọgbọ́n wà nínú bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ. Ìyá ẹlẹ́ja kó àjọ, ó fi ra búlọ́ọ̀kù ogún. Ó di oṣù mélòó kan, ó tún ra ọgbọ̀n, ó tò wọ́n sẹ́yìnkùlé títí koríko fi hù láàárín wọn. Kò jẹ́ ra sìmẹ́ǹtì sílẹ̀ láé, torí inú àpò ni yóò dì sí. Ọjọ́ tí bíríkìlà bá ń bọ̀ ló máa tó rà á. Yàrá kan dúró, wọ́n kó wọ̀ ọ́ láìtíì rẹ́ ẹ, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Kí ló wá dé tí pákó àti páànù fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láwọn àdúgbò kan? Ẹ̀rù katapílà ni! Ta ni yóò da kọnkéré sórí ilẹ̀ tí wọ́n lè lé e kúrò lórí ẹ̀ lọ́la? Ní July 1990, Raji Rasaki, gómìnà ológun Èkó nígbà náà, wó Maroko, àdúgbò mẹ̀kúnnù kan l'Ékòó, wọ́n ní àwọn tó di aláìnílé tó 300,000. Otodo Gbame, àdúgbò àwọn apẹja l'Ékòó, tẹ̀ lé e ní 2016 sí 2017, ó lé ní 30,000 èèyàn. Ilé ẹjọ́ gíga Èkó dá wọn láre ní June 2017, ilé ti wó tán. Òfin ilẹ̀ 1978 kó ilẹ̀ sọ́wọ́ gómìnà. Rìsíìtì ọmọ onílẹ̀ nìkan ló wà lọ́wọ́ àwọn tó pọ̀ jù.

Ní ìlú Iquique ní Chile, wọn ò lé àwọn mẹ̀kúnnù kúrò lórí ilẹ̀ wọn. Lọ́dún 2004, Alejandro Aravena, ayàwòrán ilé, àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ kọ́ ìdajì ilé fún nǹkan bí 100 ìdílé lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń gbé: ilé ìdáná, balùwẹ̀, àtẹ̀gùn, ògiri tó le. Ìdajì tó kù, kí kálukú kọ́ ọ bí agbára ẹ̀ bá ṣe mọ. Dọ́là 7,500 ni ìrànwọ́ ìjọba lórí ìdílé kan, owó ilẹ̀ wà nínú ẹ̀. Ẹ má sọ pé èèyàn wa ò lè ṣe é. Ẹ lọ wo ilé Jákáńdè, bí wọ́n ṣe fi yàrá àti ṣọ́ọ̀bù kún un.

Àwọn kan á ní ilé tí wọ́n bá fọwọ́ ara wọn kọ́ á wó. Ilé alájà 21 tó wó n'Ìkòyí ní November 2021, ṣé ìyá ẹlẹ́ja ló kọ́ ọ? Ẹ rán ẹnjiníà wá wo fáńdéṣọ̀n wọn, kó má gba rìbá. Kí ìwé ilẹ̀ tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́, kí wọ́n sì gbẹ́ gọ́tà kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.