Ẹ̀yin Onífọ́tò, Ẹ Jẹ́ Kí Ojú Sọ̀rọ̀

Lójú tèmi, ariwo àwa tí a ń fi fọ́tò yíyà jẹun ní Èkó ti pọ̀ jù. Bí ènìyàn bá ti jókòó síwájú kámẹ́rà ni a ó ti máa pariwo pé kí ó rẹ́rìn-ín, kí ó gbé àgbọ̀n sókè, kí ó wo ibí, kí ó wo ọ̀hún. Nígbà tí a ó bá fi tẹ kámẹ́rà, ojú tí ó gbé wá láti ilé ti sá lọ. Ẹ̀rín àpàṣẹ kì í kọjá ètè. Ẹni tí kò bá gbà, kí ó fi ọwọ́ bo ẹnu inú irú fọ́tò bẹ́ẹ̀, kí ó wá wo ẹyinjú. (N kò sọ ti òde ìnáwó o, níbẹ̀, ariwo ni ó ni ilé.)

Ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Sùúrùlérè, n ó tún iná ṣe, n ó kí oníbàárà dáadáa, lẹ́yìn náà n ó dákẹ́. Èkó kò ní dákẹ́ pẹ̀lú wa: jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń ké, kọ̀ńdọ́ ń pe Ojúẹlẹ́gba níta. Àárín ènìyàn méjì ni ìdákẹ́jẹ́ tí mo ń sọ wà. Oníbàárà yóò kọ́kọ́ tún gèlè tàbí fìlà ṣe, yóò wúkọ́, yóò béèrè bóyá mo ti yà á. Bí mo bá kàn mi orí tí n kò fọhùn, yóò pẹ́ yóò yá, yóò rẹ̀ ẹ́ láti máa ṣe ojú ayé fún mi. Èjìká á wálẹ̀, èémí á balẹ̀, ẹni tí ìyá rẹ̀ mọ̀ á sì yọjú. Ìgbà náà ni mo ń tẹ̀ ẹ́.

Àwọn kan ń sọ pé ojú àwọn àgbà le jù nínú fọ́tò àtijọ́ tí ó wà ní pálọ̀ àwọn ilé ìdílé ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Òótọ́ ni pé nígbà tí fọ́tò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ayé ní 1839, ènìyàn ní láti jókòó láìmira fún ìṣẹ́jú mélòó kan, débi pé wọ́n ń fi irin di orí mú láti ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà ti yára jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí ọ̀pọ̀ àwọn àgbà wọ̀nyẹn ń ya tiwọn. Iyì ni wọ́n fẹ́ kí àwòrán mú. Onífọ́tò J. D. 'Okhai Ojeikere, tí ó ṣiṣẹ́ ní Kétu ní Èkó, tí ó sì kú ní 2014, tilẹ̀ kọjá ibẹ̀. Láti 1968 ni ó ti ń ya irun dídì àwọn obìnrin Nàìjíríà, ẹ̀yìn orí ni ó sì yà nínú púpọ̀ nínú wọn. Kò sí ojú, kò sí ẹ̀rín, síbẹ̀ bí ọrùn ṣe nà ti tó láti mọ̀ bóyá onítìjú ni tàbí ẹni tí ó gbójú.

Ewu kan wà níbẹ̀ ṣá. Ìdákẹ́jẹ́ lè tú ohun tí oníbàárà kò múra láti fi hàn. Mo ti rí ẹni tí omi bọ́ lójú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ fọ́tò pásípọ́ọ̀tù lásán ni ó wá yà. Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti Instagram, bó ti wù kí ó dára tó. Ẹni tí ó ni ojú ni n ó kọ́kọ́ fi hàn, bí ó bá sì ní kí n pa á rẹ́, n ó pa á rẹ́ níṣojú rẹ̀.