Ẹ Wá Wo Ìpìlẹ̀ Kí Ẹ Tó Fòǹtẹ̀ Lu Ìwé

Búlọ́ọ̀kù tí koríko ti hù bò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà abúlé, ẹ má rò pé owó ló tán lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìwé ló ń dúró dè. Ó ti ra ilẹ̀, ó ti já yanrìn sílẹ̀, bíríkìlà ti kan èèkàn mọ́lẹ̀, ó sì ti ta okùn sí ibi tí ìpìlẹ̀ máa gbà. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó sọ fún un pé ó gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ ìkọ́lé, àti pé ìrìn wákàtí mẹ́ta ni ọ́fíìsì tó ń fúnni ní ìwé náà. Ó jí ní ìdájí, ó wọkọ̀ lọ. Akọ̀wé ṣí fáìlì, ó ní àwòrán ilé náà kò ní ìfọwọ́sí ayàwòrán ilé tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Ó padà wálé. Nígbà tó tún lọ, ẹni tí fáìlì rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti gba ìsinmi. Kí wọ́n tó dá a lóhùn, àgbàrá ti wọ́ yanrìn lọ, sìmẹ́ńtì ti gan sínú àpò, èèkàn tí bíríkìlà kàn sì ti jẹrà.

A ò sọ pé kí wọ́n fagi lé ìwé àṣẹ ìkọ́lé ní abúlé. Ohun tí à ń bèèrè ni pé kí òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì náà wá sí abúlé, kó fi ojú ara rẹ̀ wo ilẹ̀ àti ìpìlẹ̀, kí òfin sì dá ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ dáhùn fún un. Bí ọjọ́ náà bá pé tí kò dáhùn, kí onílé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí òfin sì gbè é.

Ìlú ńlá ló wà lọ́kàn àwọn tó ṣe ìlànà tí ara abúlé ń fi ẹsẹ̀ tọ̀ yìí. Kí Báńkì Àgbáyé tó fòpin sí ìròyìn ọdọọdún rẹ̀ lórí ìrọ̀rùn òwò ṣíṣe ní 2021, ó máa ń ka iye ọjọ́ àti iye ìgbésẹ̀ tí èèyàn máa là kọjá kó tó rí àṣẹ ìkọ́lé gbà ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan. Ilé wo ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n? Ilé ìkẹ́rùsí ni, ní ìlú ìṣòwò tó tóbi jù lórílẹ̀-èdè náà. Ìjọba kan lè ṣe àtúnṣe lórí àtúnṣe, kí orúkọ rẹ̀ gòkè nínú ìròyìn náà, síbẹ̀ kí obìnrin tó fẹ́ kọ́ yàrá mẹ́ta sí abúlé má rí ìyàtọ̀ kankan. Kò sí ẹni tó kà á mọ́ wọn.

Nǹkan tí wọ́n sì ń bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kò kéré sí ohun tí wọ́n ń bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ́ ilé alájà márùn-ún. Wọ́n fẹ́ àwòrán láti ọwọ́ ayàwòrán ilé, ìwé láti ọwọ́ ẹnjiníà, ìwé ìwọnlẹ̀, àti ìwé ẹ̀rí owó orí. Tí a bá ṣírò owó ọkọ̀ àti owó iṣẹ́ gbogbo àwọn tó máa fọwọ́ sí i, ó lè tó owó páànù ilé náà. Kí ló dé tí a ó fi yà wá lẹ́nu pé ọ̀pọ̀ ń kọ́lé láìgbàṣẹ? Wọ́n ń kọ́ ọ lóru, wọ́n ń kọ́ ọ ní ọjọ́ ìsinmi, ìbẹ̀rù àti ìkánjú ni wọ́n sì fi ń po sìmẹ́ńtì. Ilé tí a kánjú kọ́ ni ìjì kọ́kọ́ ń ṣí lórí.

Àwọn kan wá ní, tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ìjọba fi ará abúlé sílẹ̀. Wọ́n ní ilẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, ilé jìnnà síra, kò sí ohun tó máa wó lu ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ yìí dùn létí, ṣùgbọ́n ewu wà nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù kìíní ọdún 2010, ìmìtìtì ilẹ̀ tí òṣùwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 7.0 ṣẹlẹ̀ ní Haiti, èèyàn tó kú sì lé ní 100,000. Oṣù méjì ò tíì pé lẹ́yìn náà tí òmíràn fi ṣẹlẹ̀ ní Chile. Tirẹ̀ jẹ́ 8.8, agbára tó tú jáde sì tó ìlọ́po 500 ti Haiti. Àwọn tó kú níbẹ̀ kò tó 1,000. Lóòótọ́, ti Haiti sún mọ́ olú ìlú tí èrò kún fọ́fọ́, kò sì jìn nínú ilẹ̀. Ṣùgbọ́n Chile ní òfin ìkọ́lé tí wọ́n ń tẹ̀ lé, Haiti kò sì ní èyí tó kárí orílẹ̀-èdè náà. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Kò béèrè bóyá abúlé ni tàbí ìlú.

Ká tiẹ̀ fi ti ìmìtìtì ilẹ̀ sílẹ̀, nítorí kì í ṣe ibi gbogbo ló ti ń ṣẹlẹ̀. Omi mímu ńkọ́? Ní abúlé tí kò ní omi ẹ̀rọ, kànga ni gbogbo èèyàn gbójú lé. Ìlànà tí àwọn elétò ìrànlọ́wọ́ ń lò káàkiri ayé ni pé kí ṣaláńgá jìnnà sí kànga ní mítà 30 ó kéré tán, ìyẹn bí ẹsẹ̀ bàtà 100, kí ìsàlẹ̀ ihò náà sì fi mítà kan ààbọ̀ ga ju omi inú ilẹ̀ lọ. Níbi tí àpáta abẹ́ ilẹ̀ bá ti sán, ṣaláńgá gbọ́dọ̀ jìnnà sí kànga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń gbẹ́ ṣaláńgá sẹ́yìn ilé rẹ̀ kò rí kànga aládùúgbò nínú ọkàn rẹ̀; igi àti ọgbà ló wà láàárín wọn. Ó gbẹ́ ẹ tán, ó bò ó, ó kọ́lé tì í. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ìgbẹ́ gbuuru ń dààmú àwọn ọmọ ilé kejì, kò sì sí ẹni tó mọ ibi tó ti wá. Ẹnì kan tó mú tépù dání ní ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gbẹ́ ihò yẹn ì bá ti dá a dúró láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nítorí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ la ṣe fẹ́ kí ìwé àṣẹ wà.

Bí òǹtẹ̀ bá wà tí kò sí ẹni tó lọ wo ilé, a ti rí ibi tó ń já sí. Ní 2018, ìjọba ilẹ̀ Tọ́kì ní kí àwọn tó kọ́lé láìgbàṣẹ wá sanwó kí wọ́n gba ìwé ẹ̀rí. Ohun tí onílé bá fẹnu ara rẹ̀ sọ ni wọ́n kọ sílẹ̀. Bóyá ilé náà lè dúró nígbà ìmìtìtì ilẹ̀, ọrùn onílé ni wọ́n gbé e kọ́. Ìwé tó jáde pọ̀ ní mílíọ̀nù mílíọ̀nù. Nígbà tí ilẹ̀ mì ní oṣù kejì ọdún 2023, èèyàn tó lé ní 50,000 ló kú ní Tọ́kì. Ọ̀pọ̀ ilé tó wó ló ní ìwé dáadáa tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀rí ọdún 2018 yẹn bí àwọn ẹnjiníà nínú púpọ̀, wọ́n sì ti ń kìlọ̀ nípa rẹ̀ kí ìṣẹ̀lẹ̀ náà tó dé.

Iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ máa ṣe ní ilé kékeré kan kò gba ọ̀sẹ̀. Kó bọ́ sínú kòtò ìpìlẹ̀ kí wọ́n tó da kọnkéré sí i. Kó fi ọ̀pá irin gún ilẹ̀ ibẹ̀: tó bá ń wọlé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó lè jẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n kó dí i, kí bíríkìlà gbẹ́ ẹ sí i. Kó wọn àyè tó wà láàárín ilé àti ojú ọ̀nà, kó wo ibi tí àgbàrá ń gbà nígbà òjò, kó béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ibẹ̀ ibi tí omi dé ní ọdún tó kún jù. Kó tún padà wá nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kan òrùlé, kó wo bí wọ́n ṣe de igi mọ́ ògiri. Ìbẹ̀wò méjì péré ni. Ọ̀sán kan tó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ti ọjọ́ ìdáhùn náà kò le. Ní ilẹ̀ Faransé, ọ́fíìsì ìjọba abúlé fúnra rẹ̀ ni èèyàn ń mú fáìlì lọ. Oṣù méjì ni òfin fún wọn lórí ilé gbígbé, bí oṣù méjì bá sì kọjá tí wọn ò fọhùn, lọ́pọ̀ ìgbà ìdákẹ́jẹ́ wọn ti di àṣẹ. Ẹni tó ń kọ́lé fún ara rẹ̀ tí ilé náà kò ju 150 mítà onígun mẹ́rin lọ, kò pọn dandan kó gba ayàwòrán ilé. Ní California, láti oṣù kìíní ọdún 2025, òfin ní kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ní ètò àwòrán tí a ti fọwọ́ sí ṣáájú fún àwọn ilé kékeré tí wọ́n ń kọ́ sínú ọgbà ilé tó ti wà. Ẹni tó bá mú ọ̀kan lára àwòrán wọ̀nyẹn, ọjọ́ 30 ni wọ́n fi gbọ́dọ̀ dá a lóhùn. Kí ló dé tí abúlé kò fi ní ní àwòrán mẹ́rin tàbí márùn-ún bẹ́ẹ̀, tí ẹnjiníà ti yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí ẹnikẹ́ni lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́? Yàrá méjì, yàrá mẹ́ta, ibi tí ṣaláńgá máa wà, ìwọ̀n irin. Bíríkìlà abúlé á mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ owó.

A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀gúnjẹ wà nínú èyí náà. Fáìlì tí kò ní ọjọ́ ìdáhùn ni òṣìṣẹ́ lè fi ọwọ́ dì mú títí olówó rẹ̀ á fi gbọ́ ohun tó túmọ̀ sí. Tí ọjọ́ bá ti wà lórí ìwé, tí iye owó ìjọba sì wà lára ògiri níta níbi tí gbogbo èèyàn ti lè kà á, ìdì náà tú. Kí wọ́n fún ẹni tó mú fáìlì wá ní rìsíìtì lọ́jọ́ náà gan-an, kí ọjọ́ ìdáhùn wà lórí rẹ̀ gàdàgbà.

Àwọn tó ń ṣe ètò ìkọ́lé á sọ pé òṣìṣẹ́ kò tó. A gbà bẹ́ẹ̀, nítorí náà a ò bèèrè ọ́fíìsì tuntun ní abúlé kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ kan, òṣìṣẹ́ méjì, ọjọ́ kan tí kò yẹ̀ lọ́sẹ̀: abúlé yìí lọ́sẹ̀ yìí, èkejì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí wọ́n jókòó sí ilé ìwé tàbí gbọ̀ngàn abúlé láàárọ̀, kí wọ́n gba fáìlì, kí wọ́n fẹsẹ̀ rìn lọ wo ilẹ̀ lọ́sàn-án, kí wọ́n sì sọ fún onílé lójú ibẹ̀ ohun tó kù tó gbọ́dọ̀ ṣe. Ìnáwó ọdún tó ń bọ̀ ni kí ètò yìí ti bẹ̀rẹ̀, láti abúlé tó jìnnà sí ọ́fíìsì jù.