Ìgò oyin tó rẹwà jù kọ́ ló dára jù

Ẹ̀yin tí a jọ ń ta oyin ní Àkúrẹ́, mo rí i pé ìgò onígun mẹ́fà tó jọ ojú afárá ló gbòde báyìí. Ó rẹwà, n kò ní purọ́. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ sórí WhatsApp, kíá ni wọ́n á ti máa béèrè iye tó jẹ́. Àmọ́ tí oyin bá ti ku díẹ̀ nínú rẹ̀, inú kọ̀rọ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló ń há sí, ṣíbí kì í débẹ̀. Owó oníbàárà ló ń bá omi ìfọgò lọ yẹn.

Ní tèmi, ìgò roboto tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ló yẹ oyin. Ìgò ọtí ọlọ́rùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń tà á lójú títì kò burú nígbà tí oyin ṣì ń ṣàn. Ọjọ́ tó bá dì ni wàhálà dé. Oyin gidi máa ń dì o, pàápàá nígbà ọyẹ́, tí ṣúgà ara rẹ̀ á di hóró wẹ́wẹ́, tí oníbàárà á sì ní a ti po ṣúgà mọ́ ọn. Nínú ìgò ẹlẹ́nu fífẹ̀, ẹ ó kàn bù ú sórí búrẹ́dì ni. Bí ẹ bá sì fẹ́ kó yọ́, ẹ gbé ìgò náà sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, kì í ṣe omi híhó.

Ìdérí gan-an ló ń dùn mí. Bí oyin ṣe dùn tó yẹn, ó ní kíkan nínú, ó sì ń jẹ irin. Ẹ yí ìdérí padà kí ẹ tó sanwó: ó yẹ kí ọ̀dà bo inú rẹ̀, kí rọ́bà sì yí etí rẹ̀ ká. Oyin tún ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Tí omi inú rẹ̀ bá ti kọjá nǹkan bí ìdá 20 nínú 100, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í hó, kó sì kan. Torí náà, ìgò tí a fọ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ táútáú, ìdérí rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ dé pinpin.

Oyin wúwo ju omi lọ. Ìgò lítà kan ń gba oyin bíi kílò 1.4. Ẹni tó kọ “kílò kan” sára ìgò lítà kan ń rẹ́ ara rẹ̀ jẹ ni. Ẹni tó kọ “lítà kan” sára ìgò kílò kan, oníbàárà ló ń rẹ́ jẹ.

Kékeré ni mo fẹ́ kí lébẹ̀lì jẹ́: orúkọ àti àdírẹ́sì yín, ìwọ̀n, ọjọ́ tí ẹ dì í, ọjọ́ tí kò ní ṣeé lò mọ́, nọ́ńbà NAFDAC. Kí ẹ sì kọ ọ́ gàdàgbà pé kí wọ́n má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan. Mo mọ̀ pé àwọn ìyá àgbà á bá mi jà, torí oyin wà lára ohun tí a fi ń sọmọ lórúkọ. Kí àwọn àgbà tọ́ ọ wò, ó tó. Kòkòrò tí ojú kò rí lè wà nínú rẹ̀ tí ìfun ọmọ ọwọ́ kò tíì lè bá jà. Ìyókù ara ìgò, ẹ jẹ́ kí oyin hàn níbẹ̀. Kí ló dé tí a fi ń fi bébà aláwọ̀ wúrà bo oyin igbó wa tó dúdú mọ́lẹ̀, bí ẹni pé ojú ń tì wá?

Ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ti ń ta ìdérí nìkan, láìsí ìgò, ìbáà jẹ́ ní Ọjà Ọba tàbí Ìsìnkàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún wa.