Ta Ni Yóò Gbẹ́ Ilẹ̀kùn Ilé Ìkàwé Orílẹ̀-èdè?

Owó ti wọlé. Ìròyìn ní ohun tó lé ní bílíọ̀nù 20 náírà ni àwọn èèyàn dá nígbà tí Ìyáàfin Olúrẹ̀mí Tinubu, aya Ààrẹ, ní kí wọ́n má fún òun lẹ́bùn ọjọ́ ìbí ọdún 65, kí wọ́n kó owó náà sórí Ilé Ìkàwé Orílẹ̀-èdè tó ti di àpatì l'Ábújá. Ó ṣeun, a kí i. Ìbéèrè tiwa ni pé: ta ni yóò ṣe ilẹ̀kùn, àga, tábìlì àti ohun ọ̀ṣọ́ tí yóò wọ inú ilé náà?

A ti sọ ọ́ lójú ìwé yìí rí, a ó sì tún un sọ. Ilé tí ìjọba fi owó ará ìlú kọ́ kò yẹ kó jẹ́ ilé tí èèyàn ò ní mọ orílẹ̀-èdè tó wà tó bá ti wọ inú rẹ̀. A kì í ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní 1964, iléeṣẹ́ iná mànàmáná gbé iṣẹ́ fún Ben Enwonwu, ère Ṣàngó rẹ̀ sì dúró ní Marina. Yusuf Grillo ṣe ọnà sára ilé ìjọba ìbílẹ̀ Èkó, City Hall. Ère Odùduwà tí Làmídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, gbẹ́ ní 1987 wà ní yunifásítì Ilé-Ifẹ̀ títí di òní.

Òfin pàápàá wà. Àṣẹ tí ìjọba àpapọ̀ pa ní oṣù karùn-ún 2017 ní ó kéré tán ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí iléeṣẹ́ ìjọba bá fi ra nǹkan gbọ́dọ̀ lọ sórí ohun tí a ṣe nílé. Àga àti tábìlì wà nínú ohun tí àṣẹ náà dárúkọ. Ní oṣù karùn-ún 2025, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ tún fọwọ́ sí ìlànà pé Nàìjíríà ni kó ṣáájú, ìyẹn ni pé ohun tí a ṣe nílé ni kí ìjọba kọ́kọ́ máa rà. Ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n fẹ́ fọwọ́ sí i kí wọ́n tó ṣe é?

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún wa pé kò sí àsìkò. Láti 2006 ni wọ́n ti gbé iṣẹ́ kíkọ́ ilé ìkàwé yìí jáde ní bílíọ̀nù 8.59 náírà, kò sì yẹ kó gbà ju nǹkan bí ọdún méjì lọ! Àsìkò tí wọ́n fi ṣòfò kọ́ ni kí wọ́n wá fi gba iṣẹ́ lọ́wọ́ oníṣẹ́ ọnà.

Ìdí tí a fi ń pariwo nísinsìnyí ni igi. Igi tútù tí a bá fi ìkánjú gbẹ́, tí a gbé sínú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń fẹ́ tọ̀sán-tòru, yóò là, ojú ère á sì pín sí méjì. Igi gbọ́dọ̀ gbẹ dáadáa. Lẹ́yìn náà ni agbẹ́gilére á fi àáké lé e, á tún un lé, á dán an, kí ọ̀bẹ tó wá fín irun, ojú àti ìlà sí i. Ilẹ̀kùn ńlá kan lè gba oṣù púpọ̀. Tí a bá dúró di ìgbà tí wọ́n bá ń kun ilé lọ́dà, káfíńtà lásán ló máa rí i ṣe, tàbí kòǹténà láti Àpápá.

Bẹ́ẹ̀ náà ni aṣọ. Ẹtù tí wọ́n hun n'Ísẹ́yìn, tí ẹ̀lú mu dáadáa, tí a bá ta á sára ògiri yàrá ìkàwé, á gbé ariwo mì, ojú òǹkàwé á sì sinmi lórí rẹ̀. Àwọn alágbẹ̀dẹ idẹ wà ní Igun ní Bìní, àwọn oníṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ dígí wà ní Bida, àwọn tó ń fi ọ̀pẹ ràfíà hun nǹkan wà ní Ikot Ekpene. Ilé gbogbo orílẹ̀-èdè ni. Kí gbogbo wọn rí iṣẹ́ ọwọ́ wọn nínú rẹ̀.

Ohun tí à ń béèrè lọ́wọ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kò pọ̀: kó ya owó iṣẹ́ ọnà sọ́tọ̀ nínú bílíọ̀nù wọ̀nyẹn, kó kéde rẹ̀ níta, kó sì jẹ́ kí ìwọ̀n ilẹ̀kùn àti ògiri dé ọwọ́ àwọn oníṣẹ́ kí òrùlé tó parí. Kí orúkọ ẹni tó bá ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan wà lára iṣẹ́ rẹ̀.