Ẹ Má Wá Kọ Orúkọ Mi Mọ́

Ó tún ti dé o! Láàárọ̀ àná, bí mo ṣe sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì, inú omi ló bọ́ sí. Omi ti dé ọrùn ẹsẹ̀ nínú yàrá tí èmi àti ọmọ mẹ́ta ń sùn. Bàtà ilé ìwé wọn ń léfòó lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ańkárá àwọn oníbàárà mẹ́rin tí mo kó sábẹ́ tábìlì, tó yẹ kí n rán fún ìgbéyàwó ọjọ́ Sátidé, ti mu omi ẹrẹ̀ yó. Ta ni yóò san án? Èmi náà ni.

Ọdún kẹrin rèé. Ìtòsí àbàtà Dónúkìn la wà, nínú Àjàṣẹ́ níbí, tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Ìyá ọkọ mi, ibẹ̀ ni wọ́n bí wọn sí. Wọ́n ní nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé, òjò a máa rọ̀ mọ́jú, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, omi a ti wọ́ lọ sínú àbàtà. Nísinsìnyí, wọ́n ti fi yanrìn àti pàǹtí dí àbàtà náà, wọ́n gé e kéékèèké, wọ́n tà á. Ẹni tó tà á gbowó, ó lọ kọ́lé tirẹ̀ sórí òkè. Ẹni tó rà á mọ ògiri yí i ká. Omi tó ti mọ ọ̀nà rẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ibo ló fẹ́ gbà? Yàrá mi ló gbà!

Ẹ má tún sọ fún mi pé àmúwá Ọlọ́run ni. Ọlọ́run kọ́ ló ta àbàtà.

Òjò pàápàá kì í ṣe irú tàtijọ́ mọ́. Ó lè dá fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko nínú oṣù kẹfà, tí a ó máa làágùn bí ẹni tó ń jó, kó wá dà wá lórí lẹ́ẹ̀kan bí ìgbà tí àgbá bá dojú dé. Àwọn tó mọ̀ nípa ojú ọjọ́ ti ṣàlàyé rẹ̀: bí afẹ́fẹ́ bá fi ìwọ̀n Sẹ́lṣíọ́ọ̀sì kan ṣoṣo gbóná sí i, omi tó lè gbé yóò fi nǹkan bíi 7 nínú 100 lé sí i. Ayé sì ti gbóná ju ìwọ̀n kan lọ sí bó ṣe wà kí ilé iṣẹ́ ńláńlá tó dé. Ta ló mú un gbóná? Gbogbo Áfíríkà pátá, èéfín tiwa kò tó 5 nínú 100 lọ́dún. Ẹ̀rọ ìránṣọ tèmi, ẹsẹ̀ ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́!

Ọ̀sà tó yẹ kó gba omi lọ́wọ́ wa náà ti ní ìdààmú tirẹ̀. Ó já sí adágún Nòkúè, Nòkúè já sí òkun ní Kútọnu, níbi tí àwọn Faransé ti la ilẹ̀ ní 1885. Òkun ń ga sí i. Bó bá ti kún, omi wa á dúró gbagidi. Tó bá tún di oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, odò Wẹ́mẹ̀ á kó omi òkè wá, láti apá àríwá, gba ẹ̀gbẹ́ ìlú Sábẹ̀ẹ́ kọjá. Ní 2010, ìjọba ìbílẹ̀ 55 nínú 77 ni omi kó wàhálà bá ní Bẹ̀nẹ̀. Ó ti tó kí ẹnikẹ́ni kọ́gbọ́n.

Gọ́tà tí wọ́n wá gbẹ́ sí àdúgbò wa ńkọ́? Ó ga ju ilẹ̀ àgbàlá wa lọ! Omi ń ti inú rẹ̀ ṣàn bọ̀ wá sílé. Èmi fúnra mi ti fi ọwọ́ kó ọ̀rá inú rẹ̀, ìdọ̀tí dé ìgbọ̀nwọ́ mi. Láti 2017 ni òfin ti de ọ̀rá yìí, síbẹ̀ títí di òní, bí o bá ra iyọ̀ ní ọjà Wándò, inú ọ̀rá ni wọn yóò dì í sí.

Kànga wa kò ṣeé mu mọ́. Omi ṣáláńgá ti dà pọ̀ mọ́ ọn. Ọmọ mi kékeré ya ìgbẹ́ gbuuru fún ọjọ́ márùn-ún lọ́dún tó kọjá, gbogbo owó tí mo fi pamọ́ fún páànù tuntun ló bá oògùn lọ. Ọlọ́kadà zẹ̀mí kì í wọ òpópónà wa nígbà òjò. Bó bá gbà láti wọ̀ ọ́, ìlọ́po mẹ́ta ni yóò gbà.

Àwọn tó ń wá kọ orúkọ ẹni tí omi bá ya wọlé rẹ̀ ló bí mi nínú jù. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń gbé ọkọ̀ funfun wá. Ènìyàn mélòó ló wà nínú ilé? Kí ló bàjẹ́? Wọ́n kọ ọ́, wọ́n lọ. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀kan nínú wọn ní kí n padà sínú omi, kí n gbé ọmọ pọ̀n, kí fọ́tò lè dára. Mo sì ṣe é! Mo rò pé ìrànwọ́ ni. Títí di òní, ẹnikẹ́ni kò padà wá, kódà láti wá sọ pé kò sí owó.

Ọ̀nà omi ni kí ẹ là fún wa. Ẹ wó ògiri tó dí i, ẹni yòówù kó ni ín. Ẹ má fi ọwọ́ kan ìwọ̀nba àbàtà tó ṣẹ́ kù.

Ó ti tún ṣú láti apá Wándò. Mo ń lọ gbé ẹ̀rọ mi sórí bíríkì.