Gbogbo Ìkòròdú Ti Di Ọ̀gá Excel

Ẹ bá mi wo CV àwọn ọmọ wa. Láti Ẹbúté títí dé Òdógunyàn, kò sí èyí tí wọn ò kọ "Advanced Excel" sí, pé àwọn ti di ọ̀gá nínú Excel, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń to nǹkan sí tábìlì, tí wọ́n sì fi ń ṣírò. Ẹni tó kàwé ìṣirò owó kọ ọ́, ẹni tó kàwé nípa ẹja sínsìn kọ ọ́, ẹni tí kò tíì parí ìwé rárá ti kọ ọ́ sílẹ̀ dè é. Mo rí ọ̀kan tó tún to ìràwọ̀ márùn-ún síwájú ẹ̀. Òun fúnra ẹ̀ ló fún ara ẹ̀. Mi ò mọ ohun tó dí i lọ́wọ́ tí kò fi fi ẹ̀kẹfà sí i.

Àwọn iléeṣẹ́ náà ti gbọ́n ṣá. Wọn kì í bi èèyàn mọ́ pé ṣé o mọ Excel, torí wọ́n mọ èsì tí wọ́n máa gbọ́. Tó o bá lọ wá iṣẹ́ owó, wọ́n á kàn gbé láptọ́ọ̀pù kan síwájú ẹ, wọ́n á ṣí fáìlì kan sílẹ̀, wọ́n á ní kó o sọ ta ló jẹ iléeṣẹ́ lówó, èló ni, láti oṣù wo. Wákàtí kan péré. Látìgbà tí ìròyìn yẹn ti kàn wá lára ni ìmúrasílẹ̀ fún ìdánwò Excel ti di òwò, tó ti di ayẹyẹ, tó sì ku díẹ̀ kó ní aṣọ ẹbí.

Ní Sábó, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní títẹ̀wé lánàá ti pààrọ̀ pátákó: "Di Ọ̀gá Excel ní Ọjọ́ Mẹ́ta." Lọ́jọ́ kìíní, wọ́n á kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń kun ìlà òkè ní búlúù. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n á mú iná lọ. Ọjọ́ kẹta ni ìkẹ́kọ̀ọ́yege: aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀, fìlà onígun mẹ́rin, sàtífíkéètì, fọ́tò. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti wà lórí status, gbogbo àǹtí ti ń ṣe àmín sábẹ́ ẹ̀.

Nínú gúrúùpù WhatsApp wọn, wọ́n ń há fọ́múlà sórí bí ọmọ awo ṣe ń há ẹsẹ Ifá. Ẹ jí wọn lóru, wọ́n á ka VLOOKUP, fọ́múlà tó ń bá èèyàn wá nǹkan jáde nínú tábìlì, fún yín láìmí: ohun tí à ń wá, ibi tá a ti ń wá a, òpó kelòó, FALSE. Mo bi ọ̀kan pé kí ni FALSE ń ṣe níbẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí wọ́n ṣe ń parí ẹ̀ nìyẹn." Bẹ́ẹ̀ FALSE yẹn ló ń sọ fún Excel pé ẹni tí mo dárúkọ gan-an ni kó o wá, má mú ẹni tó sún mọ́ ọn wá fún mi. Ẹ gbàgbé ẹ̀ síta, kí Àdìsá má sí nínú ìwé, Excel lè rọra gbé gbèsè Àdìó lé e lórí, kò sì ní fi hàn lójú ẹ̀.

Ìjọ míì tún wà, àwọn tó gbà pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn fọwọ́ kan máòsì. Bọ́tìnì kíbọ́ọ̀dù nìkan ni tiwọn: Alt àti = lónìí, Ctrl+Shift+L lọ́la. Àwọn yìí náà ló ń bú ẹni tó bá ṣì ń lo VLOOKUP, pé ará àtijọ́ ni, pé XLOOKUP layé ń lò. Ọ̀kan nínú wọn délé íntáfíù, ó bá Excel 2016 lórí láptọ́ọ̀pù wọn. XLOOKUP ò sí níbẹ̀ rárá. Ó tẹ̀ ẹ́, Excel dáhùn pé #NAME?, ìyẹn ni pé òun ò mọ fọ́múlà tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọmọ náà sì rò pé orúkọ òun ni wọ́n ń béèrè.

Fáìlì tí wọ́n ń gbé síwájú èèyàn níbẹ̀ kì í mọ́ bíi ti kíláàsì. Nọ́ńbà àkáǹtì wa jẹ́ mẹ́wàá. Tí òdo bá ṣíwájú, tí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ò sì kọ́kọ́ sọ fún sẹ́ẹ̀lì, àpótí kékeré tí wọ́n ń kọ nǹkan sí, pé ọ̀rọ̀ ni, Excel á gbé òdo yẹn mì, mẹ́sàn-án ló máa kù. Akọ̀wé kan ti fi àyè kékeré sẹ́yìn orúkọ Adébáyọ̀, ó ti di Adébáyọ̀ méjì. 3/4 wà níbẹ̀, ẹ wá sọ bóyá oṣù kẹta ni àbí oṣù kẹrin. Ẹlòmíì kọ "500k" síbi tó yẹ kí owó wà. Gbogbo owó tó kù, wọ́n ti wọlé gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀. Ọ̀gá Excel wa jókòó, ó kọ SUM, fọ́múlà tó ń ro nọ́ńbà pọ̀ ṣùgbọ́n tí kì í ka ọ̀rọ̀ mọ́ ọn. Òdo. Ó pa á rẹ́, ó tún un kọ. Òdo. Ó gbàdúrà díẹ̀. Òdo.

Kì í kúkú ṣe àwa nìkan. Ní 2012, JPMorgan, báńkì ńlá kan ní Amẹ́ríkà, pàdánù ju bílíọ̀nù 6 dọ́là lọ nídìí òwò kan. Nígbà tí báńkì náà yẹ ara ẹ̀ wò, wọ́n rí i lára àwọn àṣìṣe ibẹ̀ pé Excel tí wọ́n fi ń ṣírò ewu ń fi àpapọ̀ nọ́ńbà méjì pín nǹkan níbi tó yẹ kó ti fi ìdajì àpapọ̀ náà pín in. Ó dá mi lójú pé àwọn náà kọ "Advanced" sí CV.

Àwọn òbí ò gbẹ́yìn. Ìyá kan gbé ọmọ ẹ̀ lọ bá pásítọ̀ lọ́nà Ìjẹdẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ tí ìdánwò ku ọ̀la.

"Dádì, ẹ bá wa gbàdúrà o. Wọ́n ní ẹnì kan wà níbẹ̀ tó ń já wọn kulẹ̀, Pivot Table."

"Ará ibo ni?"

"A ò mọ̀ o, sà. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹgbẹ́ ọmọ yìí ló ti bá jà."

Pivot Table kì í kúkú ṣèèyàn, irinṣẹ́ inú Excel tó ń ṣàkópọ̀ nọ́ńbà rẹpẹtẹ ni. Wọ́n da òróró sórí láptọ́ọ̀pù náà. Mo gbọ́ pé bọ́tìnì F4 ò ṣiṣẹ́ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n má purọ́, ọ̀kan yege nínú wọn. Iléeṣẹ́ kan ní Òdógunyàn gbà á. Nígbà tí oṣù parí, ó gbé ìṣirò lọ bá ọ̀gá ìṣúná: Pivot Table, àwòrán aláwọ̀ mẹ́rin, gbogbo ẹ̀ ń dán. Baba wò ó dáadáa, ó ní ó dùn mọ́ òun, kó lọ tẹ̀ ẹ́ jáde sórí pépà. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde. Baba fa dúrọ́ọ̀, ó mú kalikulétọ̀ jáde, ó nu ojú ẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kan ro gbogbo ẹ̀ pọ̀ láti ìlà kìíní.

"Má bínú o, ọmọ mi. Ìwọ kọ́ ni mi ò fọkàn tán. Kọ̀ǹpútà yẹn ni."