Kì í ṣe ìkórìíra Jésù ló gbé àwọn Viking dé ilé mọ́ńkì

Bí ẹ bá ń ka ìtàn ilẹ̀ Yúróòpù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí tí ẹ ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn oníwàásù kan, ẹ ó ti bá ọ̀rọ̀ yìí pàdé: pé àwọn Viking, àwọn akónilẹ́rú ojú òkun ayé àtijọ́, kórìíra ẹ̀sìn Kristẹni, pé torí Odin àti Thor, òrìṣà wọn, ni wọ́n ṣe la òkun kọjá láti Nọ́wè àti Dẹ́ńmákì wá dáná sun ilé àwọn mọ́ńkì, ìyẹn àwọn ọkùnrin tó ya ara wọn sọ́tọ̀ fún àdúrà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà á bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ àwọn mọ́ńkì fúnra wọn kò gbè é lẹ́sẹ̀. Fàdákà, wúrà àti èèyàn tó ṣeé tà ni àwọn Viking wá kó.

Lindisfarne ni gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Erékùṣù kékeré ni, ní etíkun Northumbria, níhà àríwá ilẹ̀ England. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹfà ọdún 793, àwọn Viking gúnlẹ̀ síbẹ̀, wọ́n pa nínú àwọn mọ́ńkì, wọ́n kó àwọn mìíràn lẹ́rú, wọ́n sì palẹ̀ ohun ọ̀ṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Alcuin, ọ̀mọ̀wé ọmọ York tó ń bá Charlemagne, ọba tó ń ṣàkóso ilẹ̀ Faransé àti Jámánì òní, ṣiṣẹ́, kọ lẹ́tà lé lẹ́tà nípa rẹ̀, àwọn lẹ́tà náà ló sì gbé òkìkí ọ̀rọ̀ yìí dé ọ̀dọ̀ wa. Ó yẹ ká kà wọ́n dópin. Nínú èyí tó kọ sí ọba Ethelred ti Northumbria, ó bá àwọn ará Northumbria wí pé wọ́n ń gẹ irun orí àti irùngbọ̀n wọn bíi ti àwọn kèfèrí. Báwo lèèyàn ṣe ń fara wé irun ẹni tí kò rí rí? Wọ́n ti mọ ara wọn tipẹ́. Nínú èyí tó kọ sí Higbald, bíṣọ́ọ̀bù Lindisfarne, ó ní bí Charlemagne bá ti ogun dé, òun yóò bá a sọ ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí wọ́n kó lọ, bóyá ọ̀nà yóò wà láti gbà wọ́n padà. Alcuin kò ka àwọn Viking sí ẹni tí kò ṣeé bá dúnàá dúrà.

Kí ló wà nílé mọ́ńkì láyé ìgbà náà? Ọ̀pọ̀ wọn wà létí omi, kò sì sí ọmọ ogun tó ń ṣọ́ wọn. Àwọn ọba àti ìjòyè ti ń fi ẹ̀bùn kún ibẹ̀ láti ìrandíran: ife wúrà, àpótí oní-fàdákà tí egungun ẹni mímọ́ wà nínú rẹ̀, ìwé ìhìnrere tí wọ́n fi òkúta iyebíye dárà sí lẹ́yìn. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ pàápàá lówó lórí, torí ọmọ ọba àti ọmọ ìjòyè wà lára wọn. Ní 858, àwọn Viking mú Louis, olórí ilé mọ́ńkì Saint-Denis lẹ́bàá Paris, ọmọ ọmọ Charlemagne. Ìwọ̀n pọ́ùn wúrà 686 àti ìwọ̀n pọ́ùn fàdákà 3,250 ni wọ́n gbà kí wọ́n tó tú u sílẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀sìn ni wọ́n wá pa run, irú olórí ìsìn bẹ́ẹ̀ kò ní padà sílé láàyè.

Ẹ̀rí tó wọ̀ mí lára jù lọ ni ìwé ìhìnrere kan tó wà ní Stockholm, olú ìlú Sweden, lónìí, tí wọ́n ń pè ní Codex Aureus. Ìhà gúúsù England ni wọ́n ti kọ ọ́ ní ọ̀rúndún kẹjọ. Ní ọ̀rúndún kẹsàn-án, ó bọ́ sọ́wọ́ àwọn Viking. Wọn kò jó o. Ìjòyè kan tó ń jẹ́ Alfred àti ìyàwó rẹ̀ Werburg fi wúrà gidi rà á padà lọ́wọ́ wọn, wọ́n fi ta ṣọ́ọ̀ṣì Canterbury lọ́rẹ, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé náà pé àwọn kò fẹ́ kó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́wọ́ kèfèrí. Ìwé Ọlọ́run mà ni! Ẹni tó kórìíra Kristi ìbá ti sọ ọ́ síná. Àwọn wọ̀nyí dá iye lé e.

Ẹ lè ní, àwọn tó kú ńkọ́? Mi ò fojú kékeré wo ikú wọn rárá. Ní erékùṣù Iona, ní ìwọ̀-oòrùn Scotland, èèyàn 68 ni wọ́n pa ní 806. Ní 825 wọ́n tún pa mọ́ńkì Blathmac níbẹ̀, ikú rẹ̀ sì ni wọ́n sábà máa ń tọ́ka sí pé ogun ẹ̀sìn ni. Walahfrid Strabo, mọ́ńkì ará Jámánì, fi ewì sọ ìtàn náà láìpẹ́ sí i. Kí ni wọ́n bi Blathmac? Nínú ewì náà, wọn kò ní kó sẹ́ Jésù. Wọ́n ní kó fi ibi tí wọ́n ri àpótí olówó iyebíye Columba mímọ́, ẹni tó dá ilé mọ́ńkì Iona sílẹ̀, mọ́ hàn àwọn. Ó kọ̀, wọ́n sì pa á. Ìgbàgbọ́ ló fún un ní ìgboyà lóòótọ́, ṣùgbọ́n àpótí ni àwọn tó pa á ń wá.

Èyí tí wọn kì í sábà sọ ni ti Ireland. Ọdún 795 ni àkọsílẹ̀ kọ́kọ́ dárúkọ ìkọlù Viking níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 764, ilé mọ́ńkì Clonmacnoise ti bá ilé mọ́ńkì Durrow jagun, ọkùnrin 200 sì kú níhà Durrow nìkan. Kristẹni pa Kristẹni. Ní 833, Feidlimid mac Crimthainn, ọba Munster ní gúúsù Ireland, pa àwọn ará Clonmacnoise, ó sì jó ilẹ̀ wọn títí dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún Durrow náà. Nígbà tó kú ní 847, àwọn mọ́ńkì tó ń kọ ìtàn ọdọọdún ní Ulster yìn ín pé òun ló dára jù nínú àwọn ará Ireland, pé akọ̀wé ni, pé ẹni tó ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ fún Ọlọ́run ni. Gègé kan náà ló kọ "kèfèrí" sára àwọn àlejò tó hu irú ìwà yẹn. Ó dùn mí pé a jogún ìdájọ́ yẹn láìyẹ̀ ẹ́ wò.

Àwọn onímọ̀ kan gbà pé ẹ̀san ni àwọn Viking ń gbà, torí Charlemagne fi idà sọ àwọn Saxon, kèfèrí tó múlé gbe àwọn ará Dẹ́ńmákì ní àríwá Jámánì òní, di Kristẹni, ó sì pa 4,500 nínú wọn ní Verden ní 782. Èrò náà ní làákàyè, ṣùgbọ́n Northumbria kò sí lábẹ́ Charlemagne, Ireland kò sì sí níbẹ̀. Bákan náà, Dorestad, ìlú ọjà ńlá tó wà ní ilẹ̀ Netherlands òní, ni wọ́n kó láti 834 dé 837, léraléra. Ọjà ló gbé wọn débẹ̀.

Ibi tí ẹ̀sìn ti wọ ọ̀rọ̀ náà kò ju pé wọn kò bẹ̀rù Ọlọ́run ilé tí wọ́n ń wọ̀. Nígbà tí wọ́n sì rí àǹfààní nínú ẹ̀sìn yẹn, wọn kò pẹ́ gbà á. Ní 878, Guthrum, olórí ogun wọn, ṣèrìbọmi, ọba Alfred ti Wessex, ní gúúsù England, sì dúró fún un bíi bàbá ìsàmì. Ní 869, àwọn ará Dẹ́ńmákì ti pa Edmund, ọba East Anglia ní ìlà-oòrùn England. Kí ọ̀rúndún kẹsàn-án tó parí, East Anglia kan náà, lábẹ́ àwọn ará Dẹ́ńmákì wọ̀nyí, ti ń ná owó fàdákà tí wọ́n kọ orúkọ Edmund sí lára, gẹ́gẹ́ bí ẹni mímọ́.